Àlùfáà Samuel Johnson, Olùkọ́ Tí Ó Gba Ìtàn Wa Lọ́wọ́ Ìgbàgbé

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ wa a máa pe ìpàdé àsọyé lórí ìtàn ìlú yìí, níbi tí àwọn àgbà ti ń sọ fún wa bí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ti ṣe dé, ibi tí odi àtijọ́ gbà kọjá, àti àwọn tí ó ń gbé inú ahoro ojú ọ̀nà oko kí ogun tó tú wọn ká. Lẹ́yìn irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí. Wọ́n ní ọ̀nà tí ó dára, omi tí ó mọ́ àti ilé ìwòsàn ni a torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú sílẹ̀. Kí ni èrè àfọ́ ìkòkò àti ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ti kú? N kò fẹ́ bá wọn jiyàn. Ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin kan ni mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ bí èmi, ẹni tí ó lò ju ogún ọdún lọ láti kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà jọ, tí ó sì kú kí ó tó fojú rí iṣẹ́ náà ní títẹ̀.

A bí Samuel Johnson ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1846 ní Hastings, abúlé kan ní ilẹ̀ Sàró. Ní ilẹ̀ náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ àwọn ẹrú tí ọkọ̀ ogun wọn gbà sílẹ̀ lójú òkun dó sí. Henry, baba Samuel, wà lára àwọn ẹni ìràpadà wọ̀nyí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ìdílé rẹ̀ a sì máa tọ́ka sí Àláàfin Abíọ́dún gẹ́gẹ́ bí baba ńlá wọn. Sarah ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ilé tí a kì í fi ẹ̀kọ́ ṣeré ni ilé náà, nítorí pé Henry àkọ́bí, Nathaniel, àti Samuel fúnra rẹ̀ ni wọ́n di àlùfáà, nígbà tí Obadiah àbúrò wọn di dókítà oníṣègùn. Kí ẹni tí ó ń kà á má ṣe gbàgbé orúkọ Obadiah yìí, nítorí a ó padà bá a níwájú.

Ní ìparí ọdún 1857, Henry baba wọn kó ìdílé rẹ̀ kúrò ní Sàró láti ran Àlùfáà David Hinderer, ọmọ Jámánì, lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìhìnrere ní Ìbàdàn. Oṣù kìíní ọdún 1858 ni wọ́n wọ ìlú náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Samuel nígbà náà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ni, àjèjì ni ó jẹ́ nínú ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀, nítorí pé ẹnu òbí rẹ̀ nìkan ni ó ti ń gbọ́ ìròyìn ilẹ̀ náà. Bóyá èyí ni ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ là sí ohun tí àwa tí a bí sílé kì í kíyè sí. Ẹni tí ó dàgbà sí ìdí odi ìlú kì í bèèrè ẹni tí ó mọ ọ́n.

Kò pẹ́ tí wọ́n dé tí ogun Ìjàyè fi bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860. Ọ̀nà òkun dí, ebi sì pa àwọn ará ilé ìhìnrere ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́. Samuel fojú rí i bí ìlú ńlá tí a ń pè ní Ìjàyè ṣe parẹ́ ní ọdún 1862. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ Bühler, ọmọ Jámánì mìíràn. Ní ọdún 1865 ni ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún kejì ó padà sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ó sì ń bójú tó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Kúdẹtì àti ní Àrẹ̀mọ. Ní ọdún 1875 ó di katikíìsì.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́ ọmọ rí yóò mọ ohun tí ó mú un lọ́kàn ní àkókò yìí. Ó rí i pé àwọn tí ó kàwé láàrin wa mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun kan nípa ilẹ̀ tí ó bí wọn. Ẹ̀gàn ni ó ka èyí sí, ó sì pinnu láti mú ẹ̀gàn náà kúrò. Ó tún rí i pé àwọn arúgbó tí ó mọ ìtàn náà ń kú lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé bí a bá fi ọdún díẹ̀ falẹ̀ sí i, ohun tí wọ́n mọ̀ yóò bá wọn wọ ilẹ̀.

Báwo ni ó ṣe ṣe iṣẹ́ náà? Ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa fetí sí èyí. Kò jókòó sínú ilé kí ó máa rò ó. Ó ń tọ àwọn àgbà lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀, tàbí ẹni tí ó gbọ́ ọ tààrà lẹ́nu ẹni tí ó ṣojú rẹ̀, ni ó ń wá kiri. Ní Ìbàdàn, ó jókòó ti David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ọlọ́run níbẹ̀. Ó gbọ́rọ̀ lẹ́nu Josiah Òní, oníṣòwò tí kò bẹ̀rù ọ̀nà, ẹni tí ó mọ ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá kárí. Ó sì lọ bá Làgúnjú, Tìmì Ẹdẹ, ọba tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri nítorí ìmọ̀ ìtàn. Ẹ kíyè sí i pé oníṣòwò kò kéré lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọba kò ga jù fún un láti bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ìtàn àtijọ́ pátápátá, Ọ̀yọ́ ni ó ti rí i gbà. Ní ọdún 1880 ni a fi í joyè díákónì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1881 a gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ láti máa ṣe olùṣọ́ ìjọ níbẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọdún 1888 ni ó di àlùfáà ní kíkún. Ní ààfin Ọ̀yọ́ ni àwọn arọ́kin wà, àwọn tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ìdílé wọn ni láti mọ orúkọ àwọn ọba tí ó ti jẹ, oríkì wọn, ogun tí wọ́n jà, àti bí wọ́n ti ṣe wàjà. Lẹ́nu baba ni ọmọ wọn ń gbà á, ọmọ a sì tún fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Bí a bá rò ó dáadáa, ìpàdé àsọyé lórí ìtàn kì í ṣe ohun tí a kọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó. Àwọn arọ́kin ti ń ṣe é kí a tó mọ ìwé. Ohun tí Johnson fi kún un ni gègé àti tàdáwà.

Kò sì jẹ́ pé ìtàn nìkan ni ó ń kọ, òun náà wà nínú ìtàn. Láti ọdún 1877 títí di ọdún 1893 ni ogun kò kúrò nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn ọmọ Ìbàdàn dojú kọ àwọn Èkìtìparapọ̀ ní Kírìjì, ogun náà sì jẹ àwọn ìlú àti oko run. Ní ọdún 1881, Johnson ni Àláàfin Adéyẹmí rán pẹ̀lú ìwé sí gómìnà ní Èkó, láti bẹ ìjọba kí ó wá bá wọn parí ìjà. Nígbà tí ó di ọdún 1886, òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni gómìnà rán sí àwọn ọba àti àwọn balógun kí a lè fi ohùn ṣọ̀kan. Àdéhùn àlàáfíà wáyé ní ọdún náà, a sì tú ibùdó ogun Kírìjì ká ní oṣù kẹsàn-án, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà Ìbàdàn pẹ̀lú Ìlọrin kù títí di ọdún 1893. Nítorí náà, nígbà tí ó ń kọ̀wé nípa ogun wọ̀nyí, ẹni tí ó ti wọ àgọ́ ogun, tí ó ti rí ojú àwọn jagunjagun, ni ó ń kọ ọ́.

Ní ọdún 1897, ní Ọ̀yọ́, ó parí ìwé náà. Ìtàn Yorùbá láti ìṣẹ̀dálẹ̀ títí di ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé ni ó wà nínú rẹ̀. Èdè wa, ilà ojú, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, oyè jíjẹ àti ètò ààfin, gbogbo rẹ̀ ni ó kọ sílẹ̀. Ní ọdún 1899 a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A retí, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ní ọdún 1900 Obadiah àbúrò rẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó, ó sì yà lọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé náà. Èsì tí ó gbà ni pé a kò mọ ibi tí a gbé ìwé náà sí mọ́, a kò sì rí i, ṣùgbọ́n a ṣe tán láti san owó rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, èló ni a ó dá lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Kúkọ̀mí tí ó sọ tirẹ̀ fún un ti di ẹni àná kí ìwé náà tó dé ọwọ́ òǹtẹ̀wé. Kò sí owó tí ó lè rán ẹnikẹ́ni padà lọ bá òkú pé kí ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1901, Samuel Johnson jáde láyé ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Bí ó ti mọ̀ ọ́n lọ sí ọ̀run, iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣègbé.

Ohun kan ni ó gba ìwé náà là. Johnson kò da àwọn ìwé pélébé tí ó kọ́kọ́ fi ṣe àkọsílẹ̀ nù. Ó tọ́jú wọn, àti àwọn èyí tí ó kọ ní àkọ́kọ́ kí ó tó tún un kọ. Ọwọ́ Obadiah ni wọ́n bọ́ sí. Ẹ̀rù iṣẹ́ náà ba òun náà fún ọdún púpọ̀, nítorí pé ó wà nínú iṣẹ́ ìṣègùn àti nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó títí di ọdún 1913, ìbànújẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sì ti bá a nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn ó di àmùrè, ó sì tún gbogbo ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyà ìwé náà kò tíì tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, a fi í ránṣẹ́ láti Èkó nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì kan mú Appam lójú òkun, nítòsí erékùṣù Madeira, wọ́n sì wà á gba orí òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Fún ìgbà pípẹ́ kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ìwé náà wà. Ọdún méjì gbáko ni ó gbà kí ó tó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé. Nígbà tí ó sì dé, ogun ṣì ń jà, a ní láti dúró kí ó parí. Bí ó ti parí, iye owó ìwé títẹ̀ ti lọ sókè. Ní ọdún 1920 Obadiah kú. Ní ọdún 1921 ni ìwé náà jáde, tí ojú ewé rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti kú, ẹni tí ó tún un kọ náà ti kú.

N kò sọ pé ìwé náà kò ní àbùkù. Àwọn onímọ̀ ìtàn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti fi hàn pé ojú Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni ó fi wo ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ìtàn Ifẹ̀, ti Ìjẹ̀bú, ti Ẹ̀gbá, ti Ìjẹ̀ṣà àti ti Èkìtì kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, bí wọ́n bá sì bọ́ síbẹ̀, bí àlejò ni wọ́n máa ń rí. Ṣùgbọ́n ta ni ó yẹ kí a bá wí? Ọwọ́ àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀ ni ó ti gba ọ̀rọ̀. Ìlú tí kò kọ ìtàn ara rẹ̀, bí àwọn ẹlòmíràn bá fi ìlà méjì péré sọ ọ́, kí ni ó rí wí? Bí a bá ń bínú pé orúkọ ìlú tiwa kò jáde bí ó ti yẹ nínú ìwé Johnson, gègé ni kí a fi bínú.

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́ ni ìtàn. Ilẹ̀ náà ń pìtàn. Ọ̀yọ́ Ilé tí àwọn arọ́kin ròyìn fún Johnson ti di igbó láti bí ọdún 1835, nígbà tí ogun mú kí àwọn ará ibẹ̀ kó kúrò. Ní ọdún 1956 àti 1957, Frank Willett, ọ̀kan nínú àwọn awalẹ̀pìtàn, èyíinì ni àwọn tí ń fi ẹ̀sọ̀ wa ilẹ̀ láti wá àmì àwọn ará àtijọ́, lọ ṣe ìwádìí níbẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Robert Soper àti Patrick Darling wọn àwọn odi ìlú náà, Babátúndé Agbájé-Williams, ọmọ wa, sì ṣe iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Wọ́n bá odi lórí odi, wọ́n bá ibi tí ààfin wà, wọ́n bá àfọ́ ìkòkò àti ojú ọlọ tí àwọn obìnrin ti lọ̀ di kòtò lára àpáta. Ohun tí ẹnu arọ́kin sọ àti ohun tí ilẹ̀ pa mọ́ jọ ń jẹ́rìí nípa ìlú kan náà.

Ṣùgbọ́n ohun inú ilẹ̀ náà a máa ṣègbé bí ìwé ti ń ṣègbé. Ní ọdún 1938, ní agbo ilé Wúnmoníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé lásán ni ó ṣalábàápàdé àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń pọ́n lé lónìí. Kò pẹ́ tí mẹ́ta nínú wọn fi rékọjá òkun. Méjì padà wálé ní ọdún 1950, ọ̀kan sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di ìsinsìnyí. Bí àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ náà bá ti fi ọkọ́ fọ́ wọn ńkọ́?

Nísinsìnyí mo padà sọ́dọ̀ ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bi mí ní ìbéèrè. Baba àgbà kan wà ní àdúgbò wa tí ó mọ orúkọ gbogbo ẹnubodè ìlú yìí àti ìdílé tí ń ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣèlérí láti mú ìwé àti gègé lọ bá a. Ní ìgbà kìíní, ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni mo fi ṣe àwáwí. Ní ìgbà kejì, òjò. Ọjọ́ tí mo lọ, ìsìnkú rẹ̀ ni mo lọ. Orúkọ ẹnubodè mẹ́ta ni mo lè rántí nínú ohun tí ó ti máa ń sọ fún wa. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ka ìtàn Samuel Johnson, ojú a máa tì mí, nítorí pé ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣe aláìsí lọ́dọ̀ tirẹ̀ náà, òjò rọ̀ ní Ọ̀yọ́, ogun sì tún wà lójú ọ̀nà.

Nítorí náà mo bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a ṣe ohun mẹ́ta. Kí akọ̀wé máa kọ àsọyé àwọn àgbà sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ẹni tí òun náà ti gbọ́ ọ. Kí a máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, kí ọ̀kan wà ní ààfin, kí ọ̀kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́, kí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi. Ẹ̀dà tí Johnson tọ́jú ni ó jẹ́ kí a mọ orúkọ rẹ̀ lónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń wa ìpìlẹ̀ ilé tàbí kànga, tí ó bá àfọ́ ìkòkò tí a tò lẹ́sẹẹsẹ, tàbí ère, tàbí irin àtijọ́, kí ó dá ọkọ́ dúró, kí ó sì ké sí baálẹ̀ àdúgbò àti ẹgbẹ́ wa, kí a lè fi tó àwọn tí ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé létí.

Ọ̀nà àti omi dára, èmi náà ń fẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó bá bàjẹ́, a lè tún un ṣe ní ọdún tí ń bọ̀. Àwọn àgbà tí ó ṣẹ́kù ní ìlú yìí tí ó fi ojú ara wọn rí odi kí ó tó wó kò pé mẹ́wàá mọ́. Ìpàdé àsọyé tí ó kàn yóò wáyé láìpẹ́. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mú ìwé àti gègé lọ́wọ́ wá, kí ẹ sì tètè dé. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí, kí ó sì jẹ́ kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú. Àmín.